Níbo lẹ ń gbé mọ́tò sí tẹ́ ẹ bá lọ gun òkè lọ́nà Bwari?

Kọ̀rólà98 | Ọjọ́ Àìkú, 7:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abuja. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé mìíràn tó dé.

Ó ti di ọdún kejì tí mo ti ń gun òkè láàárọ̀ Sátidé. Dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Katampe ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo tún ń lọ sí Ushafa níbi tí èèyàn ti ń rí omi Usuma láti òkè. Láìpẹ́ yìí ni mo wá rí òkè kan lọ́nà Bwari tó dùn ún gùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí n kò fẹ́ ba àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n: ẹ ó kúrò lórí títì ọlọ́dà, ẹ ó gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa bíi kìlómítà kan àbọ̀, ọ̀nà náà á sì já sí ìdí igi igbá ńlá kan. Ìdí igi yẹn ni gbogbo wa ń gbé mọ́tò sí. Kò sí pátákó, kò sí ìlà, kò sí ọgbà. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ibòji.

Lánàá, aago 6:20 ni mo débẹ̀. Mọ́tò mọ́kànlá ti wà nílẹ̀. Mo wá àyè fi tèmi há ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọkùnrin méjì dé, wọ́n gba ₦1,000, wọ́n fi ẹfun fa ìlà sára táyà iwájú. Wọ́n ní òun ni rìsíìtì. Mo rẹ́rìn-ín, mo gun òkè lọ.

Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ láago mẹ́wàá, àwọn mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Àwọn ní ₦2,000. Mo ní mo ti san, mo fi ìlà ẹfun hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ba, ó wo ìlà náà bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò, ó ní àwọn tó fa ìyẹn kì í ṣe ara àwọn. Ibi tá a ti ń fà á ni mo ti rí i pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti rọ̀ délẹ̀. Kì í ṣe ìṣó ló gún un. Ìdérí fáàfù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́múrẹ́mú. Ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Mo pààrọ̀ táyà. Mo ní kí n máa lọ, Sienna kan ti dábùú mi lẹ́yìn, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Igi níwájú, Sienna lẹ́yìn. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹni tó ni ín tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ki jíà, ó di fẹ́ẹ́.

Níbo lẹ̀yin ń gbé tiyín sí? Ṣé ó sì yẹ ká máa san owó yẹn? Mo rò pé ti gbogbo èèyàn ni òkè.


AyéLeGan | 7:31 alẹ́

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ló lọ ń bá ọmọ abúlé jiyàn lórí ẹfun. Ẹ máa yí etí omi Jabi po, bọ̀dá. Ibẹ̀ tẹ́jú.


ÌyáÌbejìGwarinpa | 7:52 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá Kọ̀rólà. Ẹ dúpẹ́ pé táyà nìkan ni.

Èmi kì í gbé mọ́tò dé ìdí òkè mọ́ láti ọdún 2024. Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ṣe gba apá Bwari kan nínú oṣù kìíní, tí onílé ń fi àga há ilẹ̀kùn kó tó sùn. Látìgbà náà, ibi tí mọ́tò mi máa dá wà fún wákàtí mẹ́rin láìsí ojú tó mọ̀ mí, n kò gbé e débẹ̀. Ilé epo kan wà lórí títì, mo máa ń ra epo díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo máa ń kí mẹ́gàádì, mo sì ń fún un lówó oúnjẹ. Ó mọ ojú mi, ó mọ ti ọkọ mi. Tó bá di aago mọ́kànlá tí n kò tíì dé, òun gan-an á pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò onírìmóòtù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi ìtajà ńlá kan nínú ìlú: mo tẹ rìmóòtù, mo yíjú, mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, báàgì ti lọ nínú búùtù, gíláàsì kankan ò fọ́, ilẹ̀kùn kankan ò bàjẹ́. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ẹnì kan lè dúró nítòsí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń da ìpè rìmóòtù rú, kí ilẹ̀kùn má tì rárá. Ní báyìí, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò dá a lóhùn.

Ẹ má sì dé ìdí òkè kí ẹ tó máa kó fóònù àti báàgì sínú búùtù. Ẹni tó ń ṣọ́ yín ti rí i. Láti ilé ni kí ẹ ti kó o síbẹ̀.


MẹkáníìkìNyanya | 8:20 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń fọwọ́ elépo jẹun dá sí i.

Ohun tí olè Abuja ń wá lára Toyota kì í ṣe rédíò mọ́. Brain box ni, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, mọ́tò yín di àga ìjókòó. Nínú àwọn mọ́tò kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, owó tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn sì lè kó yín láyà jẹ. Ẹ lọ bá wẹ́dà, kó rọ àgò irin bò ó, kó fi páádì sí i. Wákàtí méjì péré ni.

Ìkejì rèé, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, koríko ibí yìí gbẹ bí ìwé. Ẹ ti sáré láti Nyanya dé Bwari, sàlẹ́ńsà ti gbóná, ẹ wá gbé mọ́tò gun orí koríko tó kan abẹ́ rẹ̀, ẹ sì pa á, ẹ lọ. Àpò tó ń jó èéfín lára sàlẹ́ńsà yẹn, tí a ń pè ní katalístì, máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n 400 lórí Celsius. Koríko gbígbẹ ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó gbóòórùn, ó rò pé wọ́n ń sun oko nítòsí, ó ń gun òkè rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló bá a fi iyanrìn pa á. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, bọ́ńpà ẹ̀yìn ti yọ́, ó rọ̀ dòò bí ẹ̀wù tí wọ́n sá. Orí erùpẹ̀ lásán ni kí ẹ máa gbé e sí.

Kọ̀rólà98, ẹ wo fáàfù yẹn dáadáa kí ẹ tó fọ́n afẹ́fẹ́ sí i. Tí wọ́n bá fi igi tẹ̀ ẹ́, ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀.


Gúnkèmáwẹ̀yìn | 8:47 alẹ́

Èmi ni mo ń kó àwọn kan lẹ́yìn lọ gun òkè lóṣooṣù, mo sì ti rí oríṣiríṣi.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má kọ orí mọ́tò sí òkè. Ẹ fi ẹ̀yìn wọlé, kí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà ilé. Ọjọ́ tí nǹkan bá dé, kì í ṣe ọjọ́ náà lèèyàn ń kọ́ rìfáàsì láàárín igi. Ẹ fi òkúta há táyà, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìdí òkè, háńbíréèkì mọ́tò wa sì ti dàgbà jù wá lọ. Lásìkò òjò, ẹ má gbé e sí ojú àgbàrá, bó ti wù kó gbẹ tó nígbà tẹ́ ẹ dé. Àpáta kì í mumi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń wá, kì í sì í pẹ́. Mo ti rí Golf kan tí àgbàrá yí lójú padà ní oṣù kẹjọ, èyí tó kọjú síwájú tẹ́lẹ̀ wá ń wo ẹ̀yìn.

Etí títì ló burú jù. Ẹ lọ wo Zuma ní Madalla lọ́nà Kaduna. Àpáta tó wà lẹ́yìn ₦100 àtijọ́ ni, gbogbo èèyàn fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á dúró sí etí ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sí apá ibi tí tírélà ń gbà. Mo rí bàbá kan tó ń fẹ̀yìn rìn wọ títì kí àpáta lè wọnú fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tán. Pariwo ni mo pariwo.


AyéLeGan | 8:55 alẹ́

Ẹ tiẹ̀ ń sọ ti èèyàn. Ẹ lọ gbé mọ́tò sí Yankari, lẹ́bàá omi gbígbóná Wikki, kí ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ọ̀bọ ibẹ̀ á jókòó sí sítíárìn, á máa jẹ búrẹ́dì yín. Wọn ò tiẹ̀ fa ẹfun fún mi.


ỌmọÒkun_Lugbe | 9:10 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 297, ẹsẹ kejì, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Abuja pátá. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ láti 1976 tí wọ́n ti gé ilẹ̀ yìí jáde. Kò sí bàálẹ̀, kò sí ọmọ adúgbò tó lè ní òun ló ni ìdí òkè. Iṣẹ́ páàkì ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin yẹn kan náà. Ẹni tí wọ́n bá rán láti gbowó, ó yẹ kó ní ìwé lọ́wọ́, kó já rìsíìtì. Ẹ sì rántí pé ní 2014, ilé ẹjọ́ dá owó páàkì tí wọ́n ń gbà lẹ́bàá títì nínú ìlú dúró, torí pé wọn ò rí òfin tó gbé e nílẹ̀. Bí ti àárín ìlú tó ní tíkẹ́ẹ̀tì bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ti ìlà ẹfun?

Ẹ má san kọ́bọ̀.


Kọ̀rólà98 | 9:16 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Ọmọ Òkun. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn.


AfọnjáNíDutse | 9:58 alẹ́

Assalamu alaikum. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ọmọ Òkun, òfin tẹ́ ẹ kà yẹn, bẹ́ẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n 1976 tí ẹ dárúkọ, ṣé aginjù ni wọ́n bá níbẹ̀ ni? Àwọn Gbagyi tí à ń pè ní Gwari ti ń kọ ebè iṣu níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán Abuja sórí ìwé. Títí dòní, ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ àti ti kíkó wọn lọ síbòmíràn ò tíì tán láàárín àwọn àti ìjọba. Ẹ lọ ka abala 297 fún ìyá tí ẹ gbé mọ́tò gun orí ebè rẹ̀, ká rí bí ó ṣe máa gbọ́ ọ.

Dutse Alhaji ni mò ń gbé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Hausa dùn lẹ́nu mi, Gbagyi mi ò ju ìkíni lọ. Òkè tí Kọ̀rólà ń sọ, mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbé mi débẹ̀, mo bá Mai Angwa wọn, ìyẹn olórí àdúgbò, wa kànga. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè.

Ó ní àwọn ọmọ tó ń fa ẹfun, òun ló yàn wọ́n, torí pé mọ́tò ń pọ̀ sí i, kò sì sẹ́ni tó wá kí òun kó tó di pé ó ń pọ̀. Àwọn tó ń dé láago mẹ́wàá, ó ní oríta ni wọ́n ti ń wá, òun náà ń bẹ̀rù wọn. Ìyẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń dùn ún. Ọ̀nà ni. Ìdí igi igbá yẹn kì í ṣe páàkì, ibi tí ọ̀nà àwọn ti pàdé ni: ọ̀nà odò, ọ̀nà oko, ọ̀nà tó já sí ilé mẹ́fà tó wà lẹ́yìn àpáta. Láàárọ̀ Sátidé kan nínú òjò ọdún tó kọjá, obìnrin kan ń rọbí nínú ilé mẹ́fà yẹn. Wọ́n pe Golf kan wá láti orí títì. Golf dé ìdí igi, kò lè kọjá. Mọ́tò lápá ọ̀tún, mọ́tò lápá òsì, àyè tó kù láàárín ò tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹni tó ni mọ́tò wà lórí àpáta, ó ń ya fọ́tò. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé obìnrin náà gba inú oko iṣu, ẹnì kan mú un níwájú, ẹnì kan mú un lẹ́yìn. Ó bí, ọmọ sì yè. Mai Angwa ò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó kàn ń fi ọ̀pá fa ìlà sílẹ̀, ó ń fi bí mọ́tò ṣe tò hàn mí.

Kọ̀rólà98, kí ẹ tó gbé táyà yẹn ka àwọn ọmọ náà lórí, ẹ rántí ibi tí ẹ gbé mọ́tò yín sí gan-an.


Kọ̀rólà98 | 10:09 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n etí koríko ni mo gbé e sí. N kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo ti ń wa mọ́tò láti 1996.


IgbínÒkè | 10:15 alẹ́

Èmi ò mọ ti ọ̀nà o, orúnkún ló ń dà mí láàmú. Tí ẹ bá ní ká máa gbé mọ́tò sí orí títì, kìlómítà kan àbọ̀ ni kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, kìlómítà kan àbọ̀ tá a bá tún sọ̀ kalẹ̀. Èmi á ti gba ìsinmi kí n tó rí òkúta àkọ́kọ́. Olúmọ ní ibi tí mọ́tò ń dúró sí nínú ọgbà rẹ̀, Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà ni mọ́tò ń já yín sí. Kí ló dé tí ti ibí yìí fi gbọ́dọ̀ le?


Gúnkèmáwẹ̀yìn | 10:22 alẹ́

Torí pé ní Olúmọ, ẹnì kan jókòó, ó ronú ibi tí mọ́tò máa wà. Ní tiwa, mọ́tò ló kọ́kọ́ dé.


Kọ̀rólà98 | 11:37 alẹ́

Mo ti fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ Afọnjá ò jẹ́ n sùn. Mo rántí pé mo ya fọ́tò kan nígbà tí mo dé orí àpáta àkọ́kọ́. Aago 6:41 ló wà lára rẹ̀. Ìkùukùu ni mo fẹ́ yà, gbogbo mọ́tò wa sì wà ní ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, wọ́n kéré bí ẹyọ ayò. Mo ṣí i, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn mọ́tò mi. Ó gbé igi ìdáná lé èjìká, ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Ìtí igi náà gùn, ó dábùú, ìdí rẹ̀ kan ni ó ń yọ sí apá ibi tí gíláàsì ẹ̀yìn mi wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú koríko tó ga dé orúnkún, ó ń wá ibi tó máa gbé èkejì lé. Mo tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti wá rí ọ̀nà náà, tóóró, ó funfun bíi okùn. Ó wá láti ọ̀dọ̀ odò, ó wọ abẹ́ mọ́tò mi lápá òsì, ó yọ lápá ọ̀tún.

Etí koríko kọ́ ni mo gbé e sí. Orí ọ̀nà ni. Mo gbé e lé e gẹ́lẹ́ bí ìdérí ìkòkò.

Táyà òsì lẹ́yìn ni wọ́n sì tú.


AyéLeGan | 11:41 alẹ́

Mo fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín, kò wá.


ÌyáÌbejìGwarinpa | Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ kú òótọ́. Ọ̀pọ̀ ò ní wá sọ ọ́ níbí.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ títú táyà. Ká ní obìnrin ló dá wá, tí kò ní sípíà, tí àwọn ará oríta ti dé? Ẹni tó tú u ò mọ ẹni tó máa bá. Ẹ̀gbọ́n Afọnjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ìyẹn fún Mai Angwa. Ká yé dí wọn lọ́nà, kí àwọn náà fi táyà sílẹ̀.


ỌmọÒkun_Lugbe | 6:40 àárọ̀

Èmi náà ti ka ti aláboyún yẹn. Ohun tí mo sọ nípa òfin ò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹni tó bá dí ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, òun náà ti wà lápá ibi tí òfin ti máa mú un. Mo sọ ti ẹfun, mi ò sọ tiwa.


Olùtọ́jú_Ojúlé | 7:00 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti yọ èsì méjì tó dárúkọ abúlé náà tó sì bú èèyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ máa lọ síbí. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹnì kan nílé sì mọ òkè tí ẹ ń lọ àti aago tó yẹ kí ẹ ti padà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nídìí òkè kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.


AfọnjáNíDutse | Ọjọ́rú, 8:33 alẹ́

Mo lọ lánàá lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ra obì lọ́wọ́, torí ẹnu ò ṣeé gbé lófìfo lọ bá àgbà. Mo fi fọ́tò Kọ̀rólà hàn Mai Angwa. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ẹni tó ru igi yẹn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi í.

Ibi tá a bá a dé rèé. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà lórí títì, pápá rẹ̀ ṣófo ní Sátidé. Olórí ibẹ̀ gbà kí mọ́tò ogún wọlé, ẹni kọ̀ọ̀kan á san ₦1,000 fún mẹ́gàádì àti fún títún ọgbà ṣe, akọ̀wé wọn á sì máa já ìwé. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé ìdí igi ní ₦300. Inú ìlú ni wọ́n ti lé ọ̀kadà láti 2006, apá ọ̀dọ̀ wa ò sí nínú ìyẹn. Àwọn ọmọ méjì tó ń fa ẹfun, Mai Angwa ní kí wọ́n máa jókòó sí ìdí igi, kí wọ́n má jẹ́ kí mọ́tò kankan dúró níbẹ̀ ju ìgbà tí èèyàn máa fi sọ̀ lọ. A ó máa dá owó fún wọn. Mọ́tò tó bá fẹ́ sọ aláìsàn tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kalẹ̀ lè wọlé, kó sì yí padà. IgbínÒkè, tiyín nìyẹn.

Ti àwọn ará oríta, ọwọ́ mi ò tó o. Mai Angwa ní tí mọ́tò ò bá sí nídìí igi, kò sí ohun tí wọ́n máa wá gbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.


IgbínÒkè | 8:40 alẹ́

Ọlọ́run á fi ọmọ rere san án fún yín. Ṣé ọ̀kadà yẹn ń rọra sáré?


AfọnjáNíDutse | 8:42 alẹ́

Rárá.


MẹkáníìkìNyanya | 9:05 alẹ́

Pápá ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé koríko ni àbí erùpẹ̀?


AfọnjáNíDutse | 9:11 alẹ́

Erùpẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ti fi bọ́ọ̀lù jẹ koríko tán.


Dírẹ́bàSienna | 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ọjọ́ Ajé ni ìyàwó mi ti fi ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi, ó ní "ṣé kì í ṣe ìwọ rèé?" Mo ti ń kà á látìgbà náà, mi ò lè kọ nǹkan kan.

Èmi ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní kí n gbé e síbẹ̀, ó ní ẹni tó ni Kọ̀rólà ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ni, kò ní í tètè sọ̀. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo rí igi tó wà níwájú yín, mo sì ṣe é. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo rí bí òógùn ṣe bò yín, ojú tì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Tí ẹ bá fẹ́, èmi ni kí n san owó fáàfù.


Kọ̀rólà98 | 10:02 alẹ́

Fáàfù ò jò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní Kubwa, ó fi itọ́ dán an wò, ó ní ó dáa. Ìdérí nìkan ló sọnù, mo ti ra mẹ́rin.

Mo bá yín bínú títí di alẹ́ Àìkú. Nígbà tí mo wá rí ohun tí èmi náà gbé mọ́tò lé, ẹnu mi kúrú.


Dírẹ́bàSienna | 10:06 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ mọ́tò ogún péré ni wọ́n gbà, tí Sienna mi sì ń jẹ àyè ẹni méjì, ṣé ẹ ní àyè kan nínú Kọ̀rólà yẹn? Gwarinpa ni mò ń gbé, mo lè pàdé yín lójú ọ̀nà.


Kọ̀rólà98 | 10:11 alẹ́

Àyè wà. Ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí.